Epo Nínú Omi Kànga: Abẹ́ Ilẹ̀ Náà Ń Fẹ́ Wolé-wolé

Omi kànga ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò wa gbé omi inú ìgò kan wá bá mi. Kò tilẹ̀ jókòó tí ó fi ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbóòórùn omi yìí. Àwọn oníbàárà mi ní ẹ̀kọ mi ń rùn bí epo ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tí kò fẹ́ kí n rí jẹ ni wọ́n ń bà mí jẹ́."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn epo bẹntiróò ni, kò sí iyèméjì. Mo bi í ní ohun tí ó ti ṣe sí omi náà. Ó ní òun ti da álọ́ọ̀mù sí i, òun ti fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, òun sì ti gbé e kaná títí ó fi hó. Ó ní nígbà tí òun ń sè é gan-an ni orí ń fọ́ òun jù, tí èébì sì ń gbé òun. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ń fi omi náà wẹ̀ láràárọ̀, ara ń yún un, kò jẹ́ kí ó sùn.

Mo ní, "Ìyá, kí ni ó wà lẹ́yìn ògiri yín?"

Ó ní, "Ilé epo ni, Bàbá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ kí n tó kó dé."

Èmi àti ìyá yìí jọ lọ sí ilé epo náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ máníjà ibẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó gbé àga fún wa, ó sì gbọ́ tẹnu wa tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, táǹkì wa kò jò o. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó wà. Ta ni ó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ tí ó rí i pé ó ń jò?"

Inú bí ìyá ẹlẹ́kọ. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ èmi náà nínú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo rò ó, mo rí i pé ìbéèrè ọmọ yìí ni ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo wa máa bi ara wa. Ta ni ó ń bá wa wo abẹ́ ilẹ̀?

WOLÉ-WOLÉ AYÉ ÀTIJỌ́

Ẹ̀yin tí irun yín ti funfun bíi tèmi yóò rántí àwọn wolé-wolé. Wọn kì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Wọ́n á yọ sí wa nínú aṣọ kákí wọn, wọ́n á ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí tanwíjí, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́ nìyẹn. A kò fẹ́ràn wọn rárá. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀rù wọn, àwọn ìyá wa a máa fọ àmù, wọn a sì máa gbá ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n tó dé. Wolé-wolé kì í dúró dìgbà tí ibà bá gbé ọmọ dè kí ó tó wo àmù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Òfin tí kò ní wolé-wolé, ìwé lásán ni. Wolé-wolé tí ó bá sì dúró dìgbà tí omi bàjẹ́ kí ó tó wá, aláìsàn ni ó wá kí, kò wá dènà àìsàn.

BÍ EPO ṢE Ń DÉ INÚ KÀNGA

A máa ń rì táǹkì ilé epo mọ́lẹ̀ nítorí iná, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n irin lásán tí a rì sínú ilẹ̀ tútù yóò dípẹtà bí ọkọ́ tí a gbàgbé sóko. Ihò bí ojú abẹ́rẹ́ ti tó fún epo láti máa jáde tọ̀sán tòru. Nígbà mìíràn, ara táǹkì le koko, oríkèé páìpù tí ń gbé epo lọ sídìí ẹ̀rọ ni ó tú. Nígbà mìíràn sì rèé, ẹni tí ń da epo láti inú ọkọ̀ agbépo ni kì í wo ìwọ̀n, tí yóò da á títí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò mu epo yó.

Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Bí ó bá ti rin ilẹ̀ débi tí omi wà, yóò léfòó sórí rẹ̀, yóò sì máa bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi tí omi náà ń ṣàn sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń léfòó. Apá kan a máa yòrò sínú omi, ojú kò sì lè rí i. Nítorí náà, omi lè mọ́ gaara nínú ife kí epo sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ pé bí omi bá ní ọ̀tá kan, epo ni.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE SÍ ARA

Lára èròjà tí ó wà nínú epo bẹntiróò ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní benzene. Ẹni tí ó bá fa ooru rẹ̀ símú púpọ̀, orí yóò máa fọ́ ọ, òòyì yóò máa kọ́ ọ, èébì yóò sì máa gbé e. Èyí kò burú tó ti pé kí ènìyàn máa mu díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mùdùnmúdùn inú egungun ni ilé iṣẹ́ tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni benzene ń bá jà. Ẹ̀jẹ̀ lè dín kù lára, ó sì lè di jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbogbo àgbáyé kò jiyàn rẹ̀ mọ́ pé benzene ń fa jẹjẹrẹ.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí benzene má ju ìdá 10 nínú bílíọ̀nù kan lọ nínú omi mímu. Amẹ́ríkà ní kí ó má ju ìdá 5 lọ. Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù. Kí imú tó lè gbóòórùn benzene nìkan nínú omi, ó ti máa ń ju ìwọ̀n WHO yẹn lọ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Imú kì í ṣe wolé-wolé tí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá fi máa gbóòórùn epo nínú omi, ó lè ti pẹ́ tí ẹ ti ń mu ún.

OHUN TÍ AMẸ́RÍKÀ FI ÌYÀ KỌ́

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti fi kọ́gbọ́n. Ní 1984, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pàṣẹ pé kí EPA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó àyíká, ṣe ìlànà fún táǹkì epo abẹ́ ilẹ̀. Irú táǹkì bẹ́ẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ wọn nígbà náà lé ní mílíọ̀nù 2, irin lásán sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ìlànà náà jáde ní 1988. Wọ́n ní kí olúkúlùkù onítáǹkì dáàbò bo táǹkì rẹ̀ lọ́wọ́ ìpẹtà, kí ó ní ohun tí yóò gba epo tí ó bá dànù, àti ohun tí kò ní jẹ́ kí ó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Wọ́n fún wọn di ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1998. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó ti tirẹ̀ pa. Wọ́n sì ti tì wọ́n pa lóòótọ́, ó ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀. Ní 1996, ìlú Santa Monica ní ìpínlẹ̀ California rí i pé ohun kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo bẹntiróò, MTBE, ti wọ inú kànga ìlú. Wọ́n ní láti ti àwọn kànga náà pa. Nǹkan bí ìlàjì omi ìlú náà ni wọ́n pàdánù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi láti ibòmíràn. Ìjọba mú àwọn ilé iṣẹ́ epo, ó pàṣẹ fún wọn láti san owó àti láti tún omi ṣe. Síbẹ̀, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ìlú náà tó tún rí omi kànga rẹ̀ lò bí ó ti yẹ. Owó wà, òfin wà, ẹ̀rọ wà, síbẹ̀ omi kò gbọ́ kíákíá.

Wọ́n tún rí i pé ìlànà nìkan kò tó bí kò bá sí ẹni tí ń lọ wò ó déédéé. Nítorí náà, ní 2005, wọ́n ṣe òfin mìíràn pé wolé-wolé gbọ́dọ̀ dé ìdí táǹkì kọ̀ọ̀kan ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 3. Wọ́n sì fi ohun kan kún un tí ó wù mí púpọ̀. Bí táǹkì kan kò bá bá òfin mu, àwọn aláṣẹ lè so àmì mọ́ ẹnu rẹ̀, pupa ni ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ agbépo tí ó gbọ́dọ̀ da epo sínú rẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọlọ́rọ̀ lè san owó ìtanràn kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ta epo tí kò sí nílẹ̀?

Láti 1984 títí di ìgbà tiwa yìí, ibi tí wọ́n ti rí i pé epo jò lé ní 500,000. Wọ́n ti tún nǹkan bí mẹ́sàn-án ṣe nínú mẹ́wàá. Lára owó tí wọ́n ń ná sí i ni ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń gbà lórí gálọ̀nù epo kọ̀ọ̀kan.

ÀWA NÁÀ Ń KỌ́?

Àwa náà ní òfin. Kò sí ẹni tí ó lè ṣí ilé epo láìgba ìwé àṣẹ. Òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 dá àjọ kan sílẹ̀, NMDPRA, tí ọ̀rọ̀ ilé epo wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ní àjọ tí ń bójú tó àyíká, bíi LASEPA ní Èkó.

A sì ti rí ohun tí ó yẹ kí ó là wá lójú. Ní Bárúwà, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, láti àwọn ọdún 1990 ni epo tí ó wá láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba omi kànga jẹ́ mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Ògóni, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ròyìn ní 2011 pé àwọn ìdílé kan ní Ogale ń mu omi kànga tí benzene inú rẹ̀ ju ìwọ̀n WHO lọ ní ìgbà 900. Páìpù ni ó ṣe èyí, kì í ṣe táǹkì ilé epo. Ṣùgbọ́n irin tí a rì mọ́lẹ̀ kan náà ni, epo kan náà ni, ènìyàn kan náà ni ó sì ń mu ún. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

Èkíní, bí omi yín bá ń rùn bí epo, tàbí tí ọ̀rá aláwọ̀ òṣùmàrè bá ń léfòó sórí rẹ̀, ẹ má mu ún mọ́, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má sì fi wẹ̀ ọmọ.

Èkejì, ẹ má ṣe sè é. Kòkòrò àìsàn ni sísè ń pa. Bí omi elépo bá gbóná, ooru benzene ni yóò kún ilé ìdáná tí ẹ ó sì máa fà á símú, ó sì lè gbiná. Álọ́ọ̀mù kò lè yọ epo kúrò, aṣọ kò lè sẹ́ ẹ, oògùn apakòkòrò kò sì ràn án.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe sọ àtùpà, àbẹ́là tàbí ìṣáná sínú kànga bẹ́ẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí agbẹ́kànga wọ inú rẹ̀, nítorí ooru epo lè dá a kú síbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń bu epo orí omi tà, ikú ni ó ń tà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bu omi náà sínú ìgò tí ó mọ́, kí ó kún dé ẹnu, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e síbi tútù, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ sọ fún wọn pé epo bẹntiróò àti benzene ni kí wọ́n wò. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún kòkòrò àìsàn kò lè fi epo hàn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ, kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹ kọ ọjọ́ tí òórùn bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye kànga tí ó kàn, kí gbogbo ojúlé fọwọ́ sí i, kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́. Bí ìwé kan kò bá mú wọn wá, ẹ kọ èkejì.

Ẹ̀yin onílé, ẹ má gbẹ́ kànga sítòsí ilé epo, bóhóòlù tí ó jìn pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé omi yín ń rùn, ẹ má fi pamọ́ fún ayálégbé. Ẹ̀yin ilé ìfowópamọ́, ilé ìtura àti ilé ìjọsìn tí ẹ rì táǹkì dísù mọ́lẹ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọlọ́jà epo, ẹ máa fi ọ̀pá wọn táǹkì lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi ohun tí ọ̀pá sọ wé ohun tí ẹ̀rọ sọ pé ẹ tà. Ní Amẹ́ríkà, bí ohun tí ó dín ní oṣù kan bá ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún epo tí a tà lọ, pẹ̀lú gálọ̀nù 130 tiwọn, èyí tí í ṣe nǹkan bí lítà 490, a gbọ́dọ̀ fura pé ó ń jò. Ẹni tí ó ta 100,000 lítà, bí 1,490 lítà bá ti dín, kí ó má ṣe sọ pé oòrùn ni ó fà á.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ ẸLẸ́KỌ ṢE PARÍ

A kọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pé oṣù mẹ́jọ kí àwọn aláṣẹ tó wá, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú táǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti dán wọn wò. Méjì mú un dúró, ọ̀kan kò lè mú un dúró. Wọ́n tì í pa, wọ́n sì ní kí wọ́n hú u.

Ọjọ́ tí wọ́n hú u, mo wà níbẹ̀. Ihò náà kò tó ìka ọmọdé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wà, lọ́gangan ibi tí wọ́n ti ń ki ọ̀pá ìwọ̀n bọlẹ̀ láti ọdún yìí wá. Ọ̀pá náà ni ó ti ń gún ojú kan náà lójoojúmọ́ títí tí irin fi lù. Pẹrẹsẹ irin kékeré kan tí à bá tẹ́ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìbá ti gbà á. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò ibẹ̀, epo ti ń dín láti oṣù mọ́kànlá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí ó kà á.

Ọmọ máníjà yẹn wá sí ilé mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi náà ń mu omi kànga yẹn." Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ìyá ẹlẹ́kọ ti fi páànù dé kànga rẹ̀. Òpópónà kejì ni ó ti ń ru omi wá nísinsìnyí, pẹ̀lú orúnkún tí ń dùn ún. Lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ti padà, àwọn mìíràn kò padà. Ara ọmọ náà ti yá. Ní oṣù tí ó kọjá, mo ṣí páànù náà díẹ̀, mo tẹ imú bọ̀ ọ́. Ó ṣì ń rùn.

Òfin dé, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣùgbọ́n ó dé lẹ́yìn omi. Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ lọ bi ilé epo tí ó wà ní àdúgbò yín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ìgbà wo ni wọ́n ti dán táǹkì yín wò kẹ́yìn? Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi àwọn aláṣẹ. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.